Àwòrán Ààrẹ Lincoln tí wọ́n fọwọ́ kùn: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, èló ló tó?

Àdùkẹ́_Baltimore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ sí ilé kan ládùúgbò wa níbi tí àwọn ọmọ olóògbé ti ń ta ẹrù bàbá wọn. Àga ni mo bá lọ, ṣùgbọ́n àwòrán kan tó wà lára ògiri níbi àtẹ̀gùn ló gba ojú mi. Dọ́là 35 ni wọ́n tà á fún mi, tòun ti férémù.

Abraham Lincoln ni. Ó ti dá irùngbọ̀n sí, ó wọ kóòtù dúdú, kọ́tìnnì pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi pupa díẹ̀ tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó jọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, torí pupa kọ́tìnnì yẹn ti yà kọjá ìlà níbì kan. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni “ABRAHAM LINCOLN, Sixteenth President of the United States”. Lẹ́tà kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ní “Published by Currier & Ives, 152 Nassau St. New York”. Ìlà mìíràn tún wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Entered according to Act of Congress”, àmọ́ páálí férémù ti bo ìyókù.

Ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé àwòrán kàlẹ́ńdà ni. Àbúrò mi tó wà ní Texas ní tirẹ̀ ti ń ná owó rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni, kí sì ni kí n retí?

Bọ́lá_Oníférémù (Philadelphia)

Ẹ kú oríire ọjà, mà. Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ̀yìn àwòrán ni mo máa ń wò kí n tó wo iwájú.

Ẹ má tíì nu ohunkóhun. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ìpara sí i. Ẹ dojú férémù náà dé sórí aṣọ ìnura tó mọ́, kí ẹ máa yọ ìṣó kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí bébà náà bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ọ̀dà tó bá ti bá gíláàsì lọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Bí ẹ bá rí i pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò páálí, inú mi á dùn fún yín, inú mi á sì tún bàjẹ́ díẹ̀. Pákó làwọn oníférémù ayé ọjọ́un fi ń dí ẹ̀yìn àwòrán, ásíìdì inú igi sì máa ń fi ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sára bébà níbi tí pákó méjì bá ti pàdé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gíláàsì kékeré táwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń wo iṣẹ́ wọn, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lincoln àti ibi tí kọ́tìnnì ti ṣú. Bí ẹ bá rí àmì róbótó-róbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ọkọ yín ló jàre: fọ́tò ni wọ́n ya ojúlówó, ẹ̀rọ ló sì tẹ ẹ̀dà yìí. Bó bá jẹ́ pé orí òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán láyé ọjọ́un, dúdú rẹ̀ á rí wúruwùru láìní ètò kankan, bí ìgbà téèyàn fi ṣọ́ọ̀kì ya nǹkan sára ògiri tí wọn ò rẹ́ dáadáa. Ọ̀dà tí ọwọ́ fi lé e lórí kò ní í ní àmì kankan nínú. Ẹ ó rí i níbi tó ti nípọn àti ibi tó ti ṣàn.

Kòfẹ́sọ̀ (Houston)

Ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà o. Kò sí àwòrán táwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àdàkọ rẹ̀ tó ti ilé iṣẹ́ atẹ̀wé New York àtijọ́ náà, Currier & Ives. Ilé iṣẹ́ adójútòfò Travelers fi ṣe kàlẹ́ńdà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, ó wà lára abọ́ ìjẹun, ó wà lára agolo bisikíìtì. Àwọn èèyàn á gé àwòrán kúrò lára kàlẹ́ńdà, wọ́n á fi férémù àlòkù sí i, ó di ohun ìjogún nìyẹn. Dọ́là 35 yẹn, férémù lẹ rà.

Àgbà_Akọ̀wé (New Jersey)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú u. Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, irú àwọn ìwé báyìí gba ọwọ́ mi kọjá.

Nathaniel Currier ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ọdún 1813 ni wọ́n bí i ní Massachusetts, ọmọ ọdún 15 sì ni nígbà tó wọṣẹ́ ìtẹ̀wé orí òkúta ní Boston, kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York láàárín ọdún 1830 sí 1840. Iṣẹ́ náà dúró lórí pé òróró àti omi kì í bára gbé. Ayàwòrán á fi ṣọ́ọ̀kì olóròóró ya nǹkan sórí òkúta pẹlẹbẹ, èyí tó dára jù wá láti Bavaria ní Jámánì. Wọ́n á fi omi rin òkúta náà, tàdáwà á wá lẹ̀ mọ́ kìkì ibi tí òróró wà. James Merritt Ives dé ní 1852 láti máa ṣe ìṣirò owó, ó di alájọní ní 1857. Torí náà, àwòrán tó bá kọ “N. Currier” nìkan ti wà ṣáájú 1857, èyí tó bá kọ orúkọ méjèèjì jẹ́ ti 1857 síwájú. Wọ́n pa ilé iṣẹ́ náà dé ní 1907, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán tó lé ní 7,000 oríṣi.

Àdírẹ́sì náà ń sọ̀rọ̀. Títí di 1872 ni wọ́n fi wà ní 152 Nassau, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó lọ sí 125, 123, àti 115 ní òpópónà kan náà. Ìlà tí páálí bò yẹn gan-an ni kí ẹ kà fún wa. Ṣáájú 1870, ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́ àgbègbè ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ orí àwòrán sílẹ̀, ẹ ó sì rí “Clerk's Office of the District Court” níbẹ̀. Láti 1870, òfin gbé e lọ sọ́dọ̀ Library of Congress, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wá di “Librarian of Congress”. Bí ẹ bá rí èyí kejì lábẹ́ àdírẹ́sì 152, àárín ọdún méjì péré ni ẹ ń wò.

Irùngbọ̀n náà tún ń sọ̀rọ̀. Lincoln ò ní irùngbọ̀n nígbà tó ń du ipò ààrẹ. Ní oṣù October 1860, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 11 kan, Grace Bedell, kọ lẹ́tà sí i láti Westfield, New York, pé kó dá irùngbọ̀n sí nítorí ojú rẹ̀ tín-ínrín jù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ fi gba Westfield kọjá ní February 1861, irùngbọ̀n ti kún. Àwọn atẹ̀wé tó ti ní Lincoln aláìnírùngbọ̀n lórí òkúta wọn ní láti sáré yà á kún un.

Ní ti ọ̀dà, àwọn obìnrin ló ń kùn ún, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Jámánì tó ṣí wá sí New York. Wọ́n á jókòó ti tábìlì gígùn, àwòrán àwòkọ́ṣe kan á wà níwájú wọn. Ẹni tó mú pupa á kun pupa, á tì í sọ́dọ̀ ẹni tó mú búlúù, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí yóò fi parí. Èyí tó kéré ni wọ́n ń tà ní nǹkan bí sẹ́ńtì 20. Ta ló máa fara balẹ̀ tẹ̀ lé ìlà fún sẹ́ńtì 20? Pupa tó yà kọjá ìlà yẹn, mà, kì í ṣe àléébù.

Kòfẹ́sọ̀ (Houston)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya fọ́tò àwòrán náà, ó ya àdírẹ́sì mọ́ ọn. Ó ya pupa tó yà kọjá ìlà náà mọ́ ọn.

Àgbà_Akọ̀wé (New Jersey)

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ń sọ ìgbà tí wọ́n ya òkúta, kò sọ ìgbà tí wọ́n ṣe bébà. Bébà fúnra rẹ̀ ló kù tó máa jẹ́rìí.

Àdùkẹ́_Baltimore

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tú u. Ọkọ mi ló di iná mú, ẹ bá mi kí i.

Pákó ni ẹ̀yìn rẹ̀ lóòótọ́, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ méjì sì gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn bébà. Ọ̀kan nínú wọn ti yọ sójú, ó gba ejìká Lincoln kọjá. Bébà náà jẹ́ íǹsì 10 ní ìbú àti 13 àti ààbọ̀ ní gígùn. Etí òkè ti rí gbágungbàgun, ó dà bíi pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ kó lè wọ férémù. Páálí iwájú ti fi àmì sí i yí ká. Àmì pupa rúsúrúsú tótòtó wà ní igun kan.

Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ̀lú gíláàsì tí mo yá lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́. Mi ò rí àmì róbótó kankan. Dúdú rí wúruwùru bí ẹ ṣe wí. Kóòtù rẹ̀ ń dán díẹ̀ bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìlà tí páálí bò sọ pé “in the Clerk's Office of the District Court of the United States for the Southern District of New York”. Mo rí 186 nínú ọdún rẹ̀, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ti parẹ́. Ọmọ mi ní iná UV tó fi ń mú ọ̀dà èékánná gbẹ, a pa iná yàrá, a tàn án sí i: bébà náà ò tàn rárá, ṣùgbọ́n ìwé fọ́tòkọ́pì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàn búlúù.

Bọ́lá_Oníférémù (Philadelphia)

Dídán kóòtù yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ. Gọ́ọ̀mù arábíìkì ni wọ́n máa ń fi lé ibi tó ṣú kó lè jinlẹ̀. Kàlẹ́ńdà ò ní ìyẹn. Ní ti iná UV, kẹ́míkà tó ń mú bébà funfun báláú kò wọ́pọ̀ ṣáájú nǹkan bí 1950, nítorí náà bébà tó bá tàn ti jẹ́bi. Èyí tí kò tàn, a ò tíì dá a sílẹ̀, torí kàlẹ́ńdà ti 1936 náà lè má tàn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú pákó, pẹ̀lú dúdú wúruwùru, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, mo gbà pé ojúlówó ni.

Kòfẹ́sọ̀ (Houston)

Ó dáa, mo ti gbà. Èló wá ni?

Tọ́pẹ́_Ọlọ́jà_Àtijọ́ (Brooklyn)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú orí ire. Ẹ sọ fún àbúrò yín ní Texas kó dá owó tó ti ná padà.

Ohun mẹ́rin ló ń gbé owó àwòrán báyìí: bó ṣe tóbi tó, ohun tó wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyé, àti ipò tí bébà wà. Ti yín wà lára àwọn kéékèèké tí Currier & Ives ń tẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gbàǹjo ni àwọn ńláńlá tó jẹ́ ti ọdẹ, ti yìnyín, ti ọkọ̀ ojú irin. Èyí tí wọ́n ń pè ní “The Life of a Hunter: A Tight Fix” ti 1861, tí ọdẹ àti béárì ti jọ wọ̀yá ìjà nínú yìnyín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń san fún un. Àwòrán ojú àwọn òṣèlú kò dé ibẹ̀. Wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu nítorí gbogbo ilé ló fẹ́ ọ̀kan. Lincoln sàn ju àwọn òṣèlú ìgbà rẹ̀ yòókù lọ, torí títí di òní àwọn èèyàn ń wá a.

Lára Lincoln fúnra rẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n tí wọ́n sì ń san owó gidi lé ni aláìnírùngbọ̀n ti 1860 tó kọ “candidate” sí abẹ́, torí ìdìbò parí, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Àwọn ti 1865 tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa á pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo ìlú ló ń ṣọ̀fọ̀ tí wọ́n sì ń rà. Ti yín wà láàárín.

Bí ó bá mọ́, tí etí rẹ̀ pé, mo lè rí i kí ṣọ́ọ̀bù kọ dọ́là 300 sí 400 sára rẹ̀. Èyí tí ẹ júwe yìí, tó ní ìlà lórí ejìká, tí wọ́n rẹ́ etí rẹ̀, màá sọ 100 sí 175 ní gbàǹjo, alágbàǹjo á sì yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má wo iye táwọn tó ń tà kọ sórí eBay. Ẹnikẹ́ni lè kọ 5,000. Ẹ tẹ ibi tó ń fi àwọn tó ti tà hàn, iye tí wọ́n san gan-an ló wà níbẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé àkọlé kan náà ni, nítorí oríṣi Lincoln tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Àwòrán inú àkójọ Library of Congress wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kan kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Dúdú lásán ni wọ́n ta àwọn kan láyé ìgbà yẹn, láìsí ọ̀dà. Àwọn èèyàn òde òní máa ń kùn wọ́n kí owó lè gòkè. Bébà lè jẹ́ ti 1861 kí pupa jẹ́ ti àná. Ẹ wo ibi tó bá ya tàbí tó ká: bí ọ̀dà bá ti wọnú ojú ọgbẹ́ bébà lọ, lẹ́yìn tó ya ni wọ́n kùn ún.

Àdùkẹ́_Baltimore

Mo wo ibi tó ya díẹ̀ létí kọ́tìnnì. Inú ọgbẹ́ náà funfun, pupa dúró létí rẹ̀.

Tọ́pẹ́_Ọlọ́jà_Àtijọ́ (Brooklyn)

Ó dára gan-an nìyẹn. Ọ̀dà àtijọ́ ni.

Ṣadé_Peckham

Mo rí fídíò kan tí obìnrin kan fi omi àti bílíìṣì fọ àwòrán àtijọ́, ó sì funfun bíi tuntun. Ṣé Àǹtí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìlà ejìká yẹn lọ, kó di ti 400?

Bọ́lá_Oníférémù (Philadelphia)

Háà! Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má dán an wò!

Ọ̀dà olómi ni wọ́n fi kun àwòrán náà, gọ́ọ̀mù arábíìkì sì ń yọ́ nínú omi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lincoln ló máa kọ́kọ́ bá omi lọ, kọ́tìnnì á tẹ̀ lé e. Bílíìṣì tún ń jẹ bébà nínú, ó lè funfun lónìí kó sì máa rún lọ́dún díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń ra nǹkan báyìí máa ń rí bébà tí wọ́n ti fọ̀ lójú kan, wọn kì í sì í san owó lé e. Búrẹ́dì táwọn ìyá wa fi ń nu fọ́tò náà, ẹ má mú un wá. Èérún rẹ̀ ń pe kòkòrò.

Àwọn onímọ̀ tó ń tún bébà ṣe wà, ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ American Institute for Conservation, ẹ lè wá ẹni tó wà nítòsí yín lórí ìkànnì wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ ásíìdì láìfọwọ́ kan ọ̀dà. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ fún yín: owó iṣẹ́ wọn lè ju owó àwòrán yìí lọ. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi máa gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn ni bí mo bá fẹ́ràn rẹ̀ ju owó lọ.

Ìṣọ̀lá_Onífọ́tò (Atlanta)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan dá yín lára yá. Lincoln ní àmì dúdú kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìyẹn apá òsì ẹni tó ń wò ó. Bí ayàwòrán bá kọ fọ́tò sórí òkúta bó ṣe rí, gbogbo rẹ̀ máa yí padà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àmì náà á sì bọ́ sí òdìkejì. Àwọn tó mọṣẹ́ ń yà á sẹ́yìn kó lè jáde bó ṣe yẹ.

Irú àmì tó bọ́ sódì yẹn ló tú àṣírí àwòrán olókìkí kan. Lincoln dúró nínú rẹ̀ bí ọba, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ara John C. Calhoun ni! Ẹni tó fi gbogbo ìṣèlú rẹ̀ gbèjà oko ẹrú, tó kú ní 1850. Atẹ̀wé mú àwòrán Calhoun tó wà nílẹ̀, ó gbé orí Lincoln lé e lọ́rùn. Ó tún pa ọ̀rọ̀ tó wà lára ìwé orí tábìlì dà: “free trade” di “union”, ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ di “proclamation of freedom”. Bí ó bá jẹ́ pé òkú ń rí nǹkan, mo fẹ́ wo ojú Calhoun lọ́jọ́ yẹn.

Ìyẹn kì í ṣe Currier & Ives o, ẹ má bẹ̀rù.

Àdùkẹ́_Baltimore

Mo ti sáré wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló wà, ó kéré gan-an. Ọkọ mi ti wá ń pe ará ilé wá wò ó báyìí, òun tó sọ pé kàlẹ́ńdà ni.

Délé_Newark

Ẹ má bínú pé mo gba ibí wọlé. Mo ní ọ̀kan tó jẹ́ ti Sẹ́nétọ̀ Hiram Revels, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Àwọ̀ rẹ̀ rẹwà ju ti Àǹtí lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní “L. Prang & Co., Boston”. Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi kun ìyẹn náà?

Àgbà_Akọ̀wé (New Jersey)

Rárá, ọmọ mi. Òkúta ló kun ìyẹn. Louis Prang ń lo òkúta kọ̀ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, á tẹ ọ̀kan lé èkejì títí àwọ̀ á fi pé. Fi gíláàsì wò ó: wà á rí àwọ̀ oríṣiríṣi tó gorí ara wọn ní wúruwùru, ibì kan á sì wà tí wọn ò bára mu déédéé. Ọdún 1870 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti ara àwòrán tí Theodor Kaufmann kùn, ọdún yẹn gan-an ni Revels wọlé láti Mississippi. Frederick Douglass kọ̀wé yin Prang lórí rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn wa ti rí ara wọn tó nínú àwòrán bí ọ̀bọ, pé ayọ̀ ńlá ni láti rí ayàwòrán tó ya ojú aláwọ̀ dúdú bó ṣe rí. Ó gbà pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà nínú ilé wa.

Currier & Ives náà tẹ ọ̀kan ní 1872, Revels àti àwọn aṣojú mẹ́fà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí àwọn márùn-ún jókòó, tí àwọn méjì sì dúró lẹ́yìn wọn. Àdírẹ́sì orí rẹ̀ ni 125 Nassau, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá bá èyíkéyìí pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé, ẹ má dúró bi ọkọ yín o.

Tọ́pẹ́_Ọlọ́jà_Àtijọ́ (Brooklyn)

Mo fara mọ́ bàbá. Àwọn tó ń kó ìtàn aláwọ̀ dúdú jọ ń wá méjèèjì lójú méjèèjì, àti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Délé, má tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá fi iye kan lọ̀ ẹ́.

Kòfẹ́sọ̀ (Houston)

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: ṣé kí Àǹtí gba ìwé ìdíyelé lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́? Ẹnì kan ní ibi kan sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òun á díye lé nǹkan rẹ̀, òun á sì gba ìdá mẹ́wàá iye tó bá jáde.

Tọ́pẹ́_Ọlọ́jà_Àtijọ́ (Brooklyn)

Kí ọ̀rẹ́ yín sá. Adíyelé tó mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ìdá lórí iye tó bá sọ, torí bó bá ṣe ga tó ni owó tirẹ̀ náà ṣe máa ga. Wákàtí tàbí iye kan pàtó ló ń gbà. Ẹni tó bá díye lé e tí ó sì tún fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀, ìdí wà tí iye rẹ̀ fi kéré. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ Appraisers Association of America tàbí International Society of Appraisers, kí ẹ béèrè bóyá àwòrán orí bébà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àga àti fàdákà.

Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe. Iye tí wọ́n kọ fún adójútòfò ni iye tí ẹ máa fi ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bó bá jóná, ó sì máa ń ga. Iye tí ẹ máa rí gbà bí ẹ bá tà á lọ́la kéré sí i. Ìjà ọmọ ìyá máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún: ẹnì kan mú ìwé adójútòfò, èkejì mú iye gbàǹjo, àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ kí ẹ yọ ọ́ nínú owó orí, ohun tó bá ju dọ́là 5,000 lọ nìkan ni ìjọba sábà máa ń béèrè ìwé adíyelé lé lórí.

Ti Àǹtí ò dé ibẹ̀. Owó adíyelé nìkan á gbé gbogbo èrè rẹ̀ mì. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ló máa sọ iye fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fi fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ.

Àdùkẹ́_Baltimore

Mo ti fi ránṣẹ́ sí méjì. Ọ̀kan sọ 80 sí 120, èkejì sọ 150 sí 200. Mi ò tà á. Àbúrò mi ti fìbínú pa fóònù.

Ọmọbìnrin olóògbé náà sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù gẹ̀rígẹ̀rí bàbá bàbá òun ni àwòrán náà wà tẹ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé kan fún mi, ó buwọ́ lù ú. Bọ́lá, ṣé kí n lẹ ìwé yẹn mọ́ ẹ̀yìn àwòrán? Ṣé mo sì lè dá a padà síbi àtẹ̀gùn tiwa náà? Fèrèsé wà lókè rẹ̀.

Bọ́lá_Oníférémù (Philadelphia)

Ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ bébà náà, mà, ì báà jẹ́ sẹ́lótéèpù. Ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò, kí ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ lẹ àpòòwé mọ́ ẹ̀yìn férémù. Férémù àtijọ́ náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ yọ pákó kúrò, ẹ ya òun náà ní fọ́tò kí ẹ tó gbé e pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páálí tí wọ́n fi òwú ṣe sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín bébà àti gíláàsì, kí gíláàsì sì jẹ́ èyí tó ń dí UV.

Ibi àtẹ̀gùn tó ní fèrèsé, rárá. Pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni oòrùn máa kọ́kọ́ gbé lọ. Ẹ má gbé e sí yàrá abẹ́ ilé náà, mo mọ ọ̀rinrin Maryland nígbà ooru. Ògiri inú ilé tí kò kọjú sí fèrèsé, tó jìnnà sí ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlégbóná, ni kí ẹ wá fún un.

Kòfẹ́sọ̀ (Houston)

Màá san 60 fún un o, mà. Tòun ti férémù.

Àdùkẹ́_Baltimore

Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé férémù nìkan ni mo rà?